Ère idẹ ilẹ̀ Faransé: orúkọ méjì ló wà lára rẹ̀, ta ló ṣe é?

Orúkọ Rodin, gbajúmọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń mọ ère, wà lẹ́sẹ̀ ère náà, "F. BARBEDIENNE FONDEUR" ("fondeur" ni asúdẹ) sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ló ṣe é nínú àwọn méjèèjì?

Àwọn méjèèjì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Rodin ló mọ ère náà. Ilé iṣẹ́ Barbedienne ní Paris ló sú u ní idẹ, tó fá a, tó fín in, tó sì fún un ní àwọ̀. Ferdinand Barbedienne àti Achille Collas ló dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1838. Collas ló ṣe ẹ̀rọ tó ń dín ère kù: abẹ́rẹ́ kan á máa rìn lára ère ńlá, apá kejì ẹ̀rọ náà á máa gbẹ́ pílásítà ní ìwọ̀n kékeré bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ère kan náà ní ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá rí àmì róbótó tó ní orúkọ Collas nínú, ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi dín in kù.

Ẹ̀dà mélòó ni wọ́n máa ń ṣe?

Àdéhùn àti ọjà ló ń pinnu iye rẹ̀ nígbà náà. Ní 1898, Rodin àti ilé iṣẹ́ yìí ṣe àdéhùn ogún ọdún lórí *Le Baiser*, ère ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹnu kora wọn lẹ́nu. Ẹ̀dà 49 ni wọ́n ṣe ní 71 cm, 69 ní 60 cm, 96 ní 40 cm, 105 ní 25 cm. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 319. Ẹni tó bá ń ta ọ̀kan fún yín, tó ní òun nìkan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ṣebí Barbedienne ti kú ní 1892?

Ó ti kú lóòótọ́, síbẹ̀ àmì náà kì í ṣe ayédèrú. Gustave Leblanc, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ló gba ilé iṣẹ́ náà, kò sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ti Rudier, ilé iṣẹ́ asúdẹ mìíràn ní Paris, náà rí bẹ́ẹ̀: Alexis Rudier kú ní 1897, àmọ́ Eugène ọmọ rẹ̀ ń tẹ "ALEXIS RUDIER" sára ère títí di 1952. Ilé iṣẹ́ ni òǹtẹ̀ ń sọ fún yín, kì í sọ ọdún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sú u?

Iyanrìn ni Barbedienne fi ń ṣe púpọ̀ jù lọ. Àwọn asúdẹ ilẹ̀ wa, bíi ti Ifẹ̀ àtijọ́, ìda ni wọ́n fi ń mọ ère, iná á yọ́ ọ dànù, èyí tó túmọ̀ sí pé ère kọ̀ọ̀kan nílò ìda tuntun. Ní Paris, ère ìpìlẹ̀ kan wà tí wọ́n fi idẹ ṣe, tó ṣeé tú sí orí, apá àti ẹsẹ̀, tí wọ́n ń lò lemọ́lemọ́.

Wọ́n á tẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú iyanrìn kíkúnná tó ní amọ̀ nínú, irú ti Fontenay-aux-Roses lẹ́bàá Paris, tí wọ́n kì sínú férémù irin. Níbi tí kọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí, wọ́n á kì iyanrìn náà ní ẹyọ-ẹyọ kó lè ṣí láìya. Wọ́n á tún fi iyanrìn ṣe èyí tó máa wà nínú, wọ́n á ha á kù ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta sí mẹ́fà yíká. Àlàfo yẹn ni idẹ máa kún. Mọ́ọ̀dù á gbẹ nínú ààrò kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí i, èyí tó gbóná tó 1,100 sí 1,200 °C. Bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí ìdá 90 nínú 100. Tánganran àti síǹkì ló kù.

Bí mọ́ọ̀dù kò bá gbẹ, omi inú rẹ̀ á di oru, ihò wẹ́wẹ́ á sì kún ara ère. Bí idẹ bá tutù jù, kò ní dé ìka ọwọ́. Bí iyanrìn inú bá sún, ẹ̀gbẹ́ kan á nípọn, èkejì á tínrín tàbí kó lu. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ìdè àti ìṣó idẹ so ẹ̀yà pọ̀, tí wọ́n á fi fáìlì àti irin ìfín tún ojú rẹ̀ ṣe. Ẹ dojú ère dé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: ẹ óò sábà rí oríkèé wọ̀nyẹn.

Kí ni surmoulage?

Ère tí wọ́n fi ère tó ti parí tẹ mọ́ọ̀dù rẹ̀ ni. Èyí gan-an ló ń jẹ owó àwọn olùrà, torí idẹ gidi ni, àmì asúdẹ á sì tẹ̀ lé e wá. Ìwọ̀n ló ń tú u fó. Idẹ máa ń súnkì bó bá ń tutù, nǹkan bí 1.5 sí 2 nínú 100. *Le Baiser* tó yẹ kó jẹ́ 40 cm á di bíi 39.2 sí 39.4. Ẹ lo kálípà, ẹ wọn ara idẹ nìkan, torí ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tún fi awò wo ojú, irun àti lẹ́tà inú òǹtẹ̀: lára surmoulage wọn kì í mú, ṣe ni wọ́n máa ń dí. Òfin Faransé ti oṣù kẹta 1981 ní kí wọ́n kọ "Reproduction" sára irú ère bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fura sí ojú ibi tí wọ́n ti fá láìnídìí.

Ti régule ńkọ́?

Síǹkì tí wọ́n kùn bí idẹ ni. Òòfà kò ní fà á, kò sì ní fa idẹ, ẹ má fi òòfà dán an wò. Ẹ ha abẹ́ rẹ̀ díẹ̀: bí ó bá pọ́n bíi wúrà, idẹ ni, bí ó bá funfun bí òjé, régule ni.

Ṣé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú dán an?

Ẹ jọ̀wọ́, rárá. Àwọ̀ pupa dúdú tàbí aláwọ̀ ewé yẹn, kẹ́míkà àti iná ni wọ́n fi sun ún mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá bó o, iye owó rẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ bá ń yọ lójú kan, tí ẹ nù ún tó tún yọ, iyọ̀ ti wọ inú idẹ náà. Ẹ gbé e síbi gbígbẹ, jìnnà sí atẹ́gùn òkun, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú idẹ.