Amọ̀ Oníhò tí Ó Ń Gbé Kátálíìsì Láti Fọ Omi Mọ́

Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn àmù lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀ mọ̀ pé ara rẹ̀ a máa rin, a sì máa tutù, bẹ́ẹ̀ ni kò sán, kò sì lu. Ihò wínníwínní tí ojú kò rí ni omi ń gbà yọ síta. Ihò wọ̀nyí ni ó sọ amọ̀ sísun di ibùjókòó fún kátálíìsì, ìyẹn ohun tí ó ń mú kí èròjà kan tètè yí padà di òmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kì í bá iṣẹ́ náà tán.

Èyí tí a mọ̀ jù nínú àwọn kátálíìsì tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ ni titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ilé. Ní ọdún 1972 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Fujishima àti Honda ní Japan fi hàn pé, bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ó lè tú omi pàápàá sí ẹ̀yà rẹ̀. Nínú omi aró, ìtànṣán ultraviolet láti ara oòrùn a mú kí ó bí àwọn ẹ̀yà kan tí ara wọn kò balẹ̀, wọn a sì máa já aró náà jẹ díẹ̀díẹ̀ títí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò fi di omi àti káábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì.

Ṣùgbọ́n bí a bá da ìyẹ̀fun yìí sínú omi lásán, omi á funfun bí omi ògì, sísẹ́ rẹ̀ á di wàhálà, kátálíìsì á sì bá omi lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Ìpetumodu, tí kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀, mọ̀ pé ohun tí a bá pò mọ́ amọ̀ ni yóò sọ irú ìkòkò tí yóò jáde. Bí a bá po ìyẹ̀fun pákó mọ́ ọn, iná á jó o, àyè rẹ̀ á sì di ihò. Ẹ̀yìn sísun yìí ni a ń fi kátálíìsì kun ún, a ó wá yan án nínú iná tí kò le tó ti àkọ́kọ́, nítorí iná líle a máa ba titanium dioxide jẹ́. Gíráàmù kan péré lára àlúmínà oníhò tí a ń pè ní gamma, ìyẹn èròjà tí aluminium àti oxygen para pọ̀ dì, lè ní ojú tí ó lé ní 100 mítà onígun mẹ́rin nínú. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú ihò kéékèèké jìnnà, nítorí náà, ihò gbòòrò bíi ti kànìnkànìn ni mo rò pé ó yẹ iṣẹ́ oòrùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé amọ̀ oníkátálíìsì yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù lágbègbè Iléṣà pẹ̀lú ìrètí pé yóò tú mẹ́kúrì tàbí òjé inú omi ká. Òjé kì í túká, òjé náà ni yóò máa jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, amọ̀ náà ti di májèlé nìyẹn.