Gbólóhùn Tó Ń Dá Máṣíìnì Dúró

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà mọ̀ pé ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òru níbẹ̀: máṣíìnì ń ké lójúlé kan, wọ́n ń gé bébà lójúlé kejì, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kó páálí kọjá láàárín wọn. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló wà lọ́dọ̀ mi lónìí, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́rin. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn onílé-iṣẹ́ kéékèèké ti ń pè mí pé kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àṣà ilé-iṣẹ́, ìyẹn àwọn ìṣe tó ti mọ́ àwọn ènìyàn lára níbi iṣẹ́ débi pé wọn kì í ronú mọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni kí àwọn kọ sára ògiri. Èmi a sì ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìsìnkú kan.

Ní ọdún 2013, ìdílé kan gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn fún mi, ẹ̀dà 600. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsìnkú, òru Ọjọ́bọ̀ la tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọmọ olóògbé dé ní ìdájí láti wá kó o, ó ṣí páálí àkọ́kọ́, ó wò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀, tó wà láàyè, tí yóò dúró lẹ́bàá pósí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ni a tẹ̀ gàdàgbà síwájú ìwé, tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà "Olóògbé". Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú ìdílé Yorùbá. A fa iwájú ìwé náà ya, a tún òmíràn tẹ̀, a ń fọwọ́ so ó. Èyí tó bá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì kò tó 200. Mo dá gbogbo owó wọn padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá tí a sọ di òkú.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí mo gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń kó bébà jáde nídìí máṣíìnì sọ fún mi pé, "Mo rí i, mà. Aago méjì òru ni mo rí i. Orúkọ tó wà níwájú kò bá ti inú mu." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Kò fọhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ló dáhùn fún un: "Mà, ẹ rántí ọ̀rọ̀ rímù márùn-ún."

Mo rántí. Oṣù méjì ṣáájú, ọmọ kan wá bá mi fúnra rẹ̀, ó ní òun ti ṣi rímù bébà márùn-ún gé. Níṣojú oníbàárà mẹ́ta ni mo ti pariwo lé e lórí, mo sì yọ owó bébà náà nínú owó oṣù rẹ̀. Mo rò pé ọmọ kan ṣoṣo ni mò ń bá wí, àṣé gbogbo ilé ni mò ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ náà sì yé wọn yékéyéké: bí o bá ṣi nǹkan ṣe, gbé e pamọ́, bí ẹlòmíràn bá ṣì í ṣe, má dá sí i. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo ti sọ ilé mi di ibi tí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kòkòrò náà ni yóò jìyà. Gbogbo àkókò yìí, férémù kan wà lára ògiri lẹ́yìn àga mi tí a kọ "Òtítọ́ ni àmì wa" sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ibì kan wà tí àṣà ilé-iṣẹ́ ti máa ń hàn ju ibi yòówù lọ: ohun tí ojú ẹni tó gbé ìròyìn burúkú wá bá ọ̀gá bá rí. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àríyá ìparí ọdún, àdúrà àárọ̀, gbogbo wọn dára, ẹ máa ṣe wọ́n lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tó ju tèmi lọ fíìfíì. Enron, ilé-iṣẹ́ gáàsì àti iná mànàmáná ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó fi ń yangàn: ọ̀wọ̀, ìwà òtítọ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀, àti iṣẹ́ tó peregedé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, Sherron Watkins, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá níbẹ̀, kọ lẹ́tà sí alága wọn, Kenneth Lay, pé màgòmágó wà nínú ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀rù sì ń ba òun pé yóò wó wọn lulẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, agbẹjọ́rò kan ti kọ èsì fún Enron lórí ohun tí òfin sọ nípa lílé òṣìṣẹ́ tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Enron wọ ilé-ẹjọ́ lọ kéde pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́.

Ìwádìí kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọ̀gá. Ní àwọn ọdún 1990, Amy Edmondson, onímọ̀ ní Harvard, yẹ àṣìṣe lórí oògùn wò nílé ìwòsàn. Ó rò pé ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ dáadáa ni àṣìṣe yóò ti kéré. Ohun tó rí nínú àkọsílẹ̀ yàtọ̀: ibẹ̀ gan-an ló pọ̀ sí. Ìgbà tó wádìí síwájú ló yé e pé àwọn wọ̀nyí ń sọ àṣìṣe wọn jáde, nígbà tí àwọn yòókù ń bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí onílé-iṣẹ́ kan bá sọ fún mi pé òun kì í gbọ́ ìròyìn àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ òun, àyà mi máa ń já fún un.

Èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa jù ni ti Toyota. Kí ìdílé Toyoda, tó dá a sílẹ̀, tó máa ṣe mọ́tò, ẹ̀rọ ìhunṣọ ni wọ́n ń ṣe. Ní 1924, Sakichi Toyoda parí ẹ̀rọ kan tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já. Ẹ bi àwọn tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn léèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí òwú bá já tí ahunṣọ kò tètè rí i: bí aṣọ ṣe ń gùn sí i ni àléébù ń gùn sí i. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937 jogún ìmọ̀ yìí. Nígbà tó yá, wọ́n na okùn kan lókè ibi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ yòówù tó bá rí àléébù lè fà á, olórí wọn á sì sáré wá bá a. Bí wọn kò bá tètè rí i yanjú, iṣẹ́ á dúró.

Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kò ní la ẹnu sọ fún ẹni àádọ́ta ọdún nídìí máṣíìnì pé "ẹ ti ṣì í tẹ̀". Bí ó bá sọ ọ́, wọn yóò ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Àwọn olùdámọ̀ràn kan máa ń ní kí ilé-iṣẹ́ pa gbogbo ìyẹn tì, kí oníkálùkù máa pe ẹlòmíràn lórúkọ, kí mà àti sà kúrò níbẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ìbẹ̀rù ló pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́ lóru ọjọ́ náà, ọ̀wọ̀ kọ́, èmi ni mo sì gbin ìbẹ̀rù náà. Èdè wa ti ní ojútùú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, ṣebí á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o", àwọn àgbà á sì fún un lésì pé yóò rí òmíràn pa. Gbólóhùn kan péré ni, ó sì ti fún ọmọdé láyè láti sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo láìrí ẹnikẹ́ni fín.

Èmi náà wá gbólóhùn kan fún ilé-iṣẹ́ wa: "Ẹ jẹ́ ká tún un wò." Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́, títí kan ọmọ tó dé lánàá, máṣíìnì gbọ́dọ̀ dúró. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bi í pé kí ni ó mọ̀. "O ṣeun" ni èsì tí a fohùn ṣọ̀kan lé lórí, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ wo bébà. Bí kò bá sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, "o ṣeun" náà ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin kan dá máṣíìnì dúró nítorí àwọ̀ pupa kan tó rò pé ó ti ṣú jù. Kò sí ohun tó ṣe àwọ̀ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wá ní ìdajì wákàtí, oníbàárà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo aago. Gbogbo ilé dákẹ́, ojú mi ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe "o ṣeun", ṣùgbọ́n òun ni mo sọ. Mo gbà pé ìṣẹ́jú yẹn ṣe fún ilé-iṣẹ́ mi ju gbogbo ìpàdé tí a ti ṣe lọ. Bí ẹ bá gbé irú ètò yìí kalẹ̀, ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹnìkan yóò dá iṣẹ́ dúró lásán, nítorí ọjọ́ náà ni wọn yóò mọ̀ bóyá ẹ ní in lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. A kò lè ní kí ènìyàn máa sọ àṣìṣe rẹ̀ fún wa, ká sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò mọ̀ pé òfin pàápàá kò fún wa láyè. Abala karùn-ún Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bà á jẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí a tó yọ iye tó bá mọ níwọ̀n. Abala keje òfin kan náà ní kí a fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó to àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó ronú kan férémù, ẹ kọ ìwé yẹn. Ní tèmi, mo dá owó rímù márùn-ún padà fún ọmọ náà níṣojú gbogbo wọn. Gbogbo atẹ̀wé ló ń ṣírò bébà tí yóò bàjẹ́ mọ́ owó iṣẹ́. Mo fi díẹ̀ kún un, mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo fi kún un.

Ìpinnu kan tún wà tó ná mi lówó gidi. Ẹni tó mọ máṣíìnì wa jù lọ máa ń gbá àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ létí bí wọ́n bá sọ gbólóhùn yẹn. Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo san owó rẹ̀ pé, mo sì ní kó máa lọ. Oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ wa fi rí wúruwùru kí ẹlòmíràn tó mọwọ́ máṣíìnì náà. Bí ẹni tó mọṣẹ́ jù bá lè ṣe bó ṣe wù ú, àwọn yòókù ti rí ibi tí òfin ilé yín parí sí.

Gbogbo èyí rọrùn ju iṣẹ́ tó wà lórí èmi fúnra mi lọ. Mo bẹ ẹni tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi pé kó sọ ohun tí mo máa ń ṣe bí inú bá ń bí mi. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó pé, ó ní, "Mà, ẹ kì í bú wa. Àwọn òbí wa lẹ máa ń bú." Èmi kò mọ̀ rárá. "Ta ló bí ẹ?" "Inú ilé wo lo ti jáde?" Lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ lásán ni. Létí wọn, ìyá wọn tó ń ta ọjà kó tó rán wọn wá kọ́ṣẹ́ ni mò ń wọ́ nílẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní ìwé kékeré kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ṣí i, ohun méjì péré ni mo sì ń kọ sínú rẹ̀: ta ló gbé ìròyìn burúkú wá fún mi lọ́sẹ̀ yìí, àti ọ̀rọ̀ wo ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. N kò gba ara mi gbọ́ bí mo bá kàn ń rò ó lọ́kàn pé mo ti yí padà. Ohun tí mo kọ ni mò ń wò. Ọ̀sẹ̀ tí n kò bá rí orúkọ kankan kọ, n kì í yọ̀.

Mo ti ṣubú sí i láti ìgbà náà. Ní ìdájí ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2019, INEC kéde pé ìdìbò ààrẹ tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ náà ti sún di ọjọ́ 23. Ìwé pélébé tí a tẹ ọjọ́ ìdìbò sí kún ilé-iṣẹ́ mi, ẹni tó ni ín kò tíì san owó tán. Ọmọ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí rédíò sáré wá sọ fún mi, òun gan-an ni mo sì pariwo mọ́, bí ẹni pé òun ló sún ìdìbò. Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró láàárín wọn, mo sọ ohun tí mo ṣe láìfi àlàyé kún un, mo sì bẹ ọmọ náà. Ara àwọn kan kò gbà á pé kí ẹni tó jù wọ́n lọ máa bẹ ọmọdé. Mo jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lára wọn.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó dákẹ́ lóru ọjọ́ ìwé ìsìnkú ti ṣe fíríìdọ̀mù tipẹ́, ó ti ní máṣíìnì tirẹ̀ ní Muṣin. Oṣù tó kọjá ló pè mí lórí fóònù pé káàdì ìgbéyàwó oníbàárà kan bàjẹ́ lọ́dọ̀ òun, wọ́n kọ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́. Mo bi í pé ta ló rí i. Ó ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo bi í pé kí ni òun kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mà, mo pariwo mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ báyìí."