Àgò Onílé: Bí Ẹjọ́ Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Lọ́yà Káńsù

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń pe káńsù ní Abẹ́òkúta, yálà ti Gúúsù tó wà ní Aké tàbí ti Àríwá, ti kú kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù. Àwọn èèyàn rò pé ẹnu dídùn ni lọ́yà káńsù fi ń borí. Irọ́ ni. Bí ìwé ẹjọ́ bá ti dé, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pẹjọ́ ló kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ tipa káńsù fi ẹ̀yìn wó ìsọ̀ kan ní ọjà Kútọ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù kìíní. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún onísọ̀ ní oṣù mẹ́ta péré láti pẹjọ́. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ sì máa ń béèrè pé kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí káńsù, kó dúró fún oṣù kan. Ìwé yẹn ni àgò tí àlejò ń ké kó tó wọlé onílé. Orúkọ rẹ̀, ibi tó ń gbé, ohun tí wọ́n ṣe fún un àti ohun tó ń béèrè gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tíì kágò títí di àárín oṣù kẹta ọdún, ìgbà tí wọ́n bá máa fi ní kó wọlé, ilẹ̀kùn ti tì.

Kí ló sábà máa ń fa ìdádúró? Ẹ̀bẹ̀ ni. Káńsẹ́lọ̀ á ní kó ní sùúrù, alága á ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ìlérí bẹ́ẹ̀ kò dá ọjọ́ dúró, àfi bí káńsù bá gbà pé òun ló jẹ̀bi. Wọ́n ṣe òfin yìí kí òṣìṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ láìfòyà, ṣùgbọ́n onísùúrù gan-an ló ń fìyà jẹ. (Kò kan ẹjọ́ àdéhùn iṣẹ́ kọngilá.)

Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í kágò, ẹjọ́ òmìnira sì nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn ọpọlọ kan kúrò ní títì, tí wọ́n tì í mọ́ ibì kan, ẹlòmíràn lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí kóòtù gíga nítorí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ bá a tan. Ìlànà 2009 tó ń darí irú ẹjọ́ yìí ní òfin oṣù mẹ́ta kò kàn án, ó sì fún káńsù ní ọjọ́ márùn-ún láti fèsì. Lọ́yà tó bá sáré kọ ọ́ pé àkókò ti kọjá kàn ń fi ọjọ́ ṣòfò ni.

Èyí tó ń bíni nínú jù ni ọ̀rọ̀ pé wèrè kò ní ẹ̀tọ́, pé káńsù lè palẹ̀ wọn mọ́ bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀. Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gbà kí wọ́n dá ẹni tí orí rẹ̀ kò pé dúró, ṣùgbọ́n ó dárúkọ ìdí: ìtọ́jú rẹ̀, tàbí ààbò ará ìlú. Kí títì lè mọ́ kò sí níbẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè 1958, tún pààlà sí ìgbà tí wọ́n lè fi tipátipá gba èèyàn sílé ìwòsàn. Bí káńsù bá sì jẹ̀bi, owó gbà-má-bínú nìkan kọ́. Ó gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba.

Ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé aláìsàn náà ló ń gba káńsù là. "Ó ya wèrè" kò tó. "Ní aago méje àárọ̀, ó dúró láàárín títì, ó ń sọ òkúta lu ọkọ̀, orí ń ṣẹ̀jẹ̀": ìyẹn ni adájọ́ lè gbé yẹ̀ wò. Orúkọ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó rí i á wà níbẹ̀, àti ohun tí dókítà kọ, àti ẹrù tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, títí dé orí àpò ọ̀rá.

Ìbátan ló ṣòro jù. Láti ìgbà ètò abúlé Arò tí Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ni ẹbí ti jẹ́ ara ìtọ́jú níbí: aláìsàn á bá ẹni tirẹ̀ wá. Ẹni orí títì kì í ní ẹni tirẹ̀ nítòsí. Ìwé òfin 1999 kan náà sì ka ilé àwọn aláìní àti aláìlera mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Káńsù tó bá ní ọkọ̀ tó ń kó èèyàn, tí kò ní ilé tó ń kó wọn sí, ibẹ̀ ni lọ́yà olùpẹ̀jọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.