Pitch pùròpẹ́là: bí a ṣe ń yan èyí tó bá ọkọ̀ apẹja mu

Ọ̀pọ̀ apẹja ní New Bussa, ní Jẹ́bà àti ní Lọ́kọ́ja ló ń lo pùròpẹ́là (abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi tó sì ń ti ọkọ̀ síwájú) tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi kán, wọn á wá fi èyí tí wọ́n bá bá lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, pùròpẹ́là ló ń pinnu bí iṣẹ́ ṣe máa wúwo tó lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Èyí tí kò bá ọkọ̀ mu yóò máa jẹ epo lójoojúmọ́, yóò sì máa pa písítìnnì díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá wá dákẹ́, epo àti ọ́ìlì ni mẹkáníìkì yóò kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ yẹ ara pùròpẹ́là wò, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 11-1/4 x 13. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íǹṣì, ìyẹn fífẹ̀ òbìrí tí etí bíléèdì ń fà bó ṣe ń yí. Ti kejì ni pitch, òun náà ní íǹṣì. Pitch ni ìwọ̀n ọ̀nà tí pùròpẹ́là ìbá rìn síwájú tó bá yí lẹ́ẹ̀kan péré, ká ní ó ń wọ inú omi bí ìṣó onísíkúrúù ṣe ń wọ pákó. Pitch 13 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33 fún yíyí kan. Bí bíléèdì bá ṣe dàgẹ̀rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni pitch ṣe ga tó. Lára Yamaha, lẹ́tà kan tún máa ń tẹ̀ lé nọ́ńbà méjèèjì. Irú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí pùròpẹ́là náà wà fún ni lẹ́tà yẹn ń tọ́ka sí. Tí lẹ́tà tiyín bá yàtọ̀, ẹ má sanwó: ihò àárín àti eyín rẹ̀ lè má gba ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yín rárá.

Omi kì í dúró gbọn-in bíi pákó, ó máa ń yọ̀ kúrò lábẹ́ bíléèdì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí jíà ìsàlẹ̀ sì dín in kù sí ìdajì, pùròpẹ́là yóò máa yí ní ìgbà 2,500. Tí pitch rẹ̀ bá jẹ́ 10, ìyẹn mítà 0.254, ọ̀nà tó yẹ kó rìn ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ mítà 635, tó túmọ̀ sí kìlómítà 38 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ fáíbà fífúyẹ́ tó ń fò lórí omi lè rí nǹkan bíi 32 nínú rẹ̀. Ọkọ̀ pákó gígùn tí àwọ̀n, yìnyín àti ẹja kún inú rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì ti rì wọlé dáadáa, lè má ju 15 lọ. Èyí tó kù ti bá omi tó yọ̀ sẹ́yìn lọ. Ẹni tó bá torí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò yára lọ ra pitch tó ga sí i, ẹrù ló dì kún ti ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà kò sì ní yára.

Nítorí náà, yíyí ẹ́ńjìnnì la fi ń yan pùròpẹ́là, a kì í fi eré ọkọ̀ yàn án. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n yíyí tó yẹ kó dé tí a bá fún un níná dé ìparí. Púpọ̀ nínú Yamaha two-stroke họ́ọ̀sì 15 àti 40 tí àwọn apẹja ń lò, ìgbà 4,500 sí 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ four-stroke jẹ́ 5,000 sí 6,000. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Tí pitch bá ga jù, ẹ́ńjìnnì kò ní dé ìwọ̀n yẹn. Yóò máa fi ipá fà bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè, ooru yóò pọ̀ nínú sílíńdà, èéfín yóò dì sórí písítìnnì, ìbúgbàù epo inú rẹ̀ yóò máa ṣáájú àsìkò. Bí písítìnnì ṣe ń ha nìyẹn. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ohùn ẹ́ńjìnnì náà yóò rọlẹ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ yóò rò pé ó ń sinmi. Tí pitch bá kéré jù, ohùn yóò ròkè, yíyí yóò kọjá ìwọ̀n tó yẹ, ìyẹn sì lè já ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ kíráńkì. Nínú méjèèjì, pitch tó ga jù ló wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ apẹja, nítorí pé ọkọ̀ tó fúyẹ́ ni ọ̀pọ̀ pùròpẹ́là ṣọ́ọ̀bù wà fún.

Bí ẹ ṣe máa dán tiyín wò rèé. Ẹ wá tákòmítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì, irú kékeré tí wọ́n ń wé wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ wé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láì wọ jíà: ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 1,000. Tó bá ń ka 2,000, ìlọ́po méjì ló ń kà, ẹ yí bọ́tìnnì rẹ̀ sí iye ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tanná fún yíyí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù sínú ọkọ̀ bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an. Èèyàn méjì jẹ́ nǹkan bíi kílò 140. Epo bẹntiróò lítà 25 wúwo tó kílò 18 tàbí díẹ̀ sí i, láì tíì ka jẹ́ríkàn. Àwọ̀n tútù wúwo ju gbígbẹ lọ fíìfíì. Tí ẹja kò bá tíì sí, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì tí ẹ pọn omi kún rọ́pò rẹ̀. Lítà kan jẹ́ kílò kan.

Ẹ wa ọkọ̀ náà lọ síbi tí omi ti jinlẹ̀ tó sì parọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ wá yí ọwọ́ rẹ̀ dé ìparí fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹnì kejì máa ka tákòmítà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe é láì so okùn pípa-ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀, kí gbogbo ará ọkọ̀ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó. Tó bá jẹ́ pé odò Ọya ni ẹ wà, tí ẹ sì fẹ́ fi fóònù mọ eré ọkọ̀, ẹ wà á lọ sókè odò, kí ẹ wà á padà wá sísàlẹ̀, kí ẹ sì pín àpapọ̀ rẹ̀ sí méjì, nítorí pé ìṣàn omi máa ń fi kún un, ó sì máa ń yọ kúrò nínú rẹ̀.

Íǹṣì pitch kan máa ń yí ìwọ̀n yíyí padà ní nǹkan bíi 200. Ká ní ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì 40 yín ní pùròpẹ́là pitch 13, tákòmítà sì ka 4,400 pẹ̀lú ẹrù kíkún. Ẹ fẹ́ kó dé 5,000. Ó ku 600, ẹ pín in sí 200, ó di 3: pitch 10 ni kí ẹ lọ wá. Nígbà tí ẹ bá gbé e sí i, ẹ tún dán an wò ní òfìfo, kí ẹ rí i pé kò kọjá 5,500. Tó bá kọjá díẹ̀ ní òfìfo, ẹ dín iná kù lọ́jọ́ tí ẹ kò bá rẹ́ja pa. Ẹ má torí ìyẹn padà sí pitch gíga.

Oòrùn apá Àríwá náà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tí ẹ kà láàárọ̀ ọyẹ́ lè lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ibi tó ga burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbára ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò (ohun tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì) ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Jos ga tó mítà 1,200. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣe dáadáa ní adágún Kainji lè nílò pitch tó fi íǹṣì kan tàbí méjì kéré tí wọ́n bá gbé e lọ sí adágún orí òkè yẹn.

Bíléèdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin? Mẹ́rin máa ń di omi mú dáadáa lábẹ́ ẹrù wúwo, ó sì máa ń dín ìgbọ̀njìnnìjìnnì kù, àmọ́ ó ń fa yíyí sílẹ̀ díẹ̀, torí náà ẹ yan pitch tó fi íǹṣì kan kéré sí ti ẹlẹ́ta.

Ní ti irin, alumíníọ̀mù ni ká rà fún Kainji, kódà tí owó irin aláìdípẹtà bá wà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n sé odò Ọya ní 1968, omi bo igi mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi adágún náà ń lọ sókè sódò bíi mítà 10 láàárín ọdún. Ní àsìkò tí omi bá fà, ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹjọ, kùkùté tó wà nísàlẹ̀ rere tẹ́lẹ̀ yóò sún mọ́ ojú omi. Bíléèdì alumíníọ̀mù tó bá gbá a yóò tẹ̀ tàbí kán. Irin líle kì í tètè tẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbáni yẹn yóò gba inú ọ̀pá lọ sí jíà, jíà sì wọ́n ju pùròpẹ́là lọ. Lẹ́yìn tí ó bá gbá nǹkan, ẹ fi igi tín-ínrín kan dúró lórí àwo tó wà lókè pùròpẹ́là, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí bíléèdì kan, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí i. Bíléèdì tí kò bá kan igi níbi tí ìyókù ti kàn án ti tẹ̀. Ṣíṣe alumíníọ̀mù lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà ojú títì kì í sábà dá pitch kan náà padà sára bíléèdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbígbọ̀n rẹ̀ yóò sì jẹ bíárìn àti síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ jíà. Ẹ gbé òmíràn sínú ọkọ̀ dípò rẹ̀, pẹ̀lú sípánà àti pínnì rẹ̀.

Ohun méjì kan wà tó jọra tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà tàbí tí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè ló ń ṣẹlẹ̀, tí igbe náà sì dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ dín iná kù, afẹ́fẹ́ ni bíléèdì ń fà mu. Àwo pẹrẹsẹ tó wà lókè pùròpẹ́là ló yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tàbí kó lọ sílẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú fẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 38, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn fẹ́ 51. Tó bá sì jẹ́ gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún un níná púpọ̀ ló ń ké, tó sì ń lọ jẹ́jẹ́ dáadáa, rọ́bà àárín pùròpẹ́là ló ti yọ̀. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan gba orí irin àárín àti orí ìta, ẹ wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù, kí ẹ tún wò ó. Tí ìlà náà bá ti pín sí méjì tí wọn kò ṣe déédéé mọ́, rọ́bà ti tán.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kúrò kí ọwọ́ tó kan bíléèdì. Ẹ fi pákó há bíléèdì mọ́ àwo òkè, ẹ na pínnì kí ẹ sì fà á yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì. Ẹ wo ẹ̀yìn wáṣà ńlá tó wà nínú: ibẹ̀ ni okùn àwọ̀n máa ń wé sí, yóò gé síìlì, omi yóò sì wọ jíà. Ọ́ìlì jíà tó ti dà bíi wàrà ni ẹ̀rí rẹ̀, síìlì ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó da ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹ fi gíríìsì pa ọ̀pá náà. Tí wáṣà ńlá yẹn bá sọnù, pùròpẹ́là yóò máa ha ara ìdí ẹ́ńjìnnì, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà, kó tó kan pùròpẹ́là, wáṣà ìta, nọ́ọ̀tì àti pínnì tuntun. Lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì náà wò.