Drum and bass àtijọ́ àti tòde òní: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Drum and bass ni orin oníjó kan tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìlù rẹ̀ yára gan-an: bí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ kà á, á tó nǹkan bí 160 sí 180 láàárín ìṣẹ́jú kan. Béèsì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, tó jinlẹ̀, tó sì sábà máa ń rìn ní ìdajì eré yẹn. Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú, tí mara, orin oníjó eléré sísá ìgboro Èkó, ń dún sí létí láti Sábó títí dé Agric, eré ìlù nìkan kò lè bà á lẹ́rù.

Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ wá ìyàtọ̀ àtijọ́ àti tuntun sínú eré sísá. Ẹ bi í léèrè pé, ta ló ń sọ̀rọ̀? Nínú ẹgbẹ́ onídùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ló ń di ìlù mú kó má bàa ṣáko. Nínú drum and bass ayé ọjọ́un, èyí tí wọ́n ń pè ní jungle, ìlù gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ìyáàlù. Nínú èyí tó pọ̀ jù lónìí, béèsì ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìlù sì ti di gúdúgúdú.

Ìlù inú jungle, ẹlòmíràn ló ti lù ú sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 1969, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà kan, The Winstons, gbé àwo kan jáde. Ojú kejì àwo náà ni orin "Amen, Brother" wà. Láàárín orin yẹn, gbogbo ohun èlò yòókù dákẹ́, Gregory Coleman nìkan ló ń lù fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 6 sí 7. Ìwọ̀nba yẹn ni àwọn ọmọ London gbà sínú sampler, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ kí wọ́n lè gé e tún lò, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́: kick, ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, lọ́tọ̀, snare, èyí tó ń dún "páà", lọ́tọ̀. Wọ́n wá tún un tò bó ṣe wù wọ́n. Snare kan lè bọ́ síbi tẹ́nikẹ́ni ò retí, méjì lè gun ara wọn, òmíràn lè máa dún wìrìwìrì títí tí yóò fi parẹ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn, bí wọ́n bá ṣe ń mú ìlù yára sí i ni ohùn rẹ̀ ń ga sí i, tó ń gbẹ sí i. Ohùn gbígbẹ yẹn làwa tó fẹ́ràn jungle ṣì ń wá kiri.

Coleman kú ní 2006. Ẹgbẹ́ náà kò rí owó gbà lórí gbogbo gígé yìí. Ìgbà tó di 2015 làwọn olólùfẹ́ orin tó dáwó jọ fún Richard Spencer, olórí wọn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun gbogbo ọmọ Àyàn.

Béèsì ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàmáíkà tó ṣí lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, àwọn tó ń to sípíkà ga ju èèyàn lọ síbi àríyá. Nínú jungle, ohùn mélòó kan péré ló máa ń ní, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, láìsí ariwo.

Ní 1997, Roni Size àti ẹgbẹ́ Reprazent láti Bristol gba ẹ̀bùn Mercury, èyí tí wọ́n ń fún àwo orin tó dára jù lọ́dún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí kì í dé ilé ijó náà wá mọ orin yìí. Láàárín àkókò kan náà, ọ̀pọ̀ aṣorin ti ń dín gígé ìlù kù: kick, snare, kick, snare, níbi kan náà ní gbogbo ìgbà, kick kejì nìkan ló ń pẹ́ díẹ̀ kó tó balẹ̀. Béèsì rí ààyè. Wọ́n lo ọgbọ́n tí Kevin Saunderson ti Detroit ti dá ní 1988, tí wọ́n ń pè ní reese: wọ́n á to ohùn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu lé ara wọn, àìbáramu kékeré yẹn á máa mú kí béèsì gbọ̀n, kó máa kùn. Pendulum láti Ọsirélíà mú un le sí i pẹ̀lú àwo wọn ti 2005. Ní 2012, orin DJ Fresh pẹ̀lú Rita Ora ló kọ́kọ́ gbé drum and bass dé ipò kìíní lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Jungle lèmi fẹ́ràn jù. Àbúrò kan tó ń fi sípíkà háyà ní Ẹ̀búté ò gbà fún mi rárá. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín yẹn ò jẹ́ kéèyàn ríbi jó sí." Mo ní, "Béèsì ni kó o jó sí, jẹ́ kí ìlù máa lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí orin mi kúrò. Mi ò bínú sí i: lórí sípíkà tiẹ̀, tuntun ló ń gbayì. Kick àti snare wọn, wọ́n ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì ń dún kíkankíkan ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yí padà. Sípíkà inú fóònù kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Jungle á pàdánù béèsì, àmọ́ ìlù á ṣì máa bá yín sọ̀rọ̀. Ti tuntun, kíkùn òkè béèsì nìkan ló máa kù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ tí wọ́n fi ní ariwo ni gbogbo rẹ̀. Ẹ lo earpiece tó dáa kẹ́ ẹ tó dájọ́.

Ọjọ́ orí orin nìkan ò tó láti fi pín in, torí Nia Archives, ọ̀dọ́mọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Mercury ní 2024, jungle ló ń ṣe. Etí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fọwọ́ lu tábìlì tẹ̀ lé snare. Bọ́wọ́ yín bá ń bá a pàdé ní gbogbo ìgbà, ọ̀nà tuntun nìyẹn. Bó bá ń já yín sílẹ̀, àtijọ́ ni, tàbí kó jẹ́ ọmọ òde òní kan ló tún lọ gé ìlù Coleman.