Frost kì í ṣe ìrì dídì: ìdí tí mo fi ń pè é ní ewú òtútù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a di gbogbo ẹrù òtútù lé lórí nínú èdè wa, ọrùn rẹ̀ sì ti fẹ́ kán. Yìnyín ni ọ̀rọ̀ náà. Snow dé, wọ́n ní yìnyín. Hail já bọ́, wọ́n ní yìnyín. Frost, ohun funfun wíńníwínní tí òtútù òru ń mú wá, bo koríko, yìnyín náà ni. Láìpẹ́ yìí ni mo túmọ̀ ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ kan fún àwọn awakọ̀. Mo fara balẹ̀ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ olóòtú tó gbà á lọ́wọ́ mi fi yìnyín pa gbogbo wọn rẹ́. Ohun tó jáde ni pé kí awakọ̀ nu yìnyín ojú gíláàsì, kó rọra tẹ yìnyín ojú títì, kó sì ṣọ́ra fún yìnyín dúdú tó wà lábẹ́ yìnyín. Inú bí mi gan-an. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó gba ẹ̀mí là ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè lóye.

Yìnyín ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì kéré. Hail ni yìnyín, ohun líle tí ìkùukùu àrá ń jù lulẹ̀ bí ẹni sọ òkò. Èyí tó já bọ́ ní Vivian, ní ìpínlẹ̀ South Dakota ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2010, fẹ̀ tó íńṣì 8, ìwúwo rẹ̀ kò sì jìnnà sí kílò kan. Pé a tún ń pe omi tó dì gbagidi ní yìnyín, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Snow ni òjò dídì, orúkọ tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti fún un tipẹ́. Orí frost gan-an ni ìjà wà.

Àwọn kan ń kọ ọ́ ní fúróòsì. Ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀ rárá. Ẹni tí kò mọ frost, báwo ló ṣe fẹ́ mọ fúróòsì? A kàn dé fìlà fún àjèjì ni, a wá ní ó ti di ọmọ ilé. Àwọn kejì, tí mo bọ̀wọ̀ fún ju àwọn yìí lọ, ń pè é ní ìrì dídì. Orúkọ náà dùn létí, ó sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Ohun tó ń sọ ni pé ìrì ló kọ́kọ́ sẹ̀ kí òtútù tó mú un dì. Frost kò rí bẹ́ẹ̀. Kò fìgbà kan jẹ́ ìrì.

Ẹ rántí káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ nínú àpótí. Lójoojúmọ́ ló ń rù, títí yóò fi tán pátápátá, síbẹ̀ aṣọ kò tutù, kò sí ẹ̀kán omi kan nídìí rẹ̀. Ohun líle ni, ó bá afẹ́fẹ́ lọ láìkọ́kọ́ yọ́. Ọ̀nà kan náà ni frost ń tọ̀, àmọ́ òdìkejì ọ̀nà ló ti ń bọ̀. Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí atẹ́gùn kò fẹ́, ooru ilẹ̀ a gba òkè lọ, nítorí kò sí ìkùukùu tí yóò dá a padà. Koríko a tutù kọjá òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tí ojú kò rí, a fara kan koríko náà, a sì di yìnyín wíńníwínní lójú ẹsẹ̀, láìdi omi rárá. 

Ìrì tó dì ní tòótọ́ wà o. Ìyẹn ti kọ́kọ́ sẹ̀ sórí ewé bí omi, òtútù tó wá le sí i ló mú un gan. Róbótó ló máa ń wà, bí ìlẹ̀kẹ̀. Òun ló ni ìrì dídì. Bí a bá ti gbé orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ni a ó wá pe òun fúnra rẹ̀?

Ẹni tí kò tíì rí frost rí lè ṣí firísà tó ti pẹ́ nílé. Wo ara ògiri rẹ̀ nínú. Ẹnikẹ́ni kò da omi síbẹ̀, síbẹ̀ ó ti funfun. Sún mọ́ ọn dáadáa kí o tó fi èékánná kàn án: wàá rí i pé ó dúró ṣánṣán, fọ́nrán fọ́nrán, òmíràn tiẹ̀ ya ẹ̀ka bí ìyẹ́ ẹyẹ. Kò jọ ohun tí a dà sílẹ̀. Ó jọ ohun tó hù. Irun ni, irun funfun. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ewú ṣe wá sí mi lọ́kàn, mo sì fi òtútù kún un kí ó lè yàtọ̀ sí ti orí. Ewú òtútù. Ewéko hu ewú, gíláàsì mọ́tò hu ewú. Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀, a kò wá a lọ síbì kan.

Ìgbà tí mo yẹ Gẹ̀ẹ́sì wò ni ọkàn mi tún wá balẹ̀ sí i. Hoar frost ni wọ́n ń pe frost funfun yìí. Hoar, láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, túmọ̀ sí ohun tó ti hu ewú, bí orí àgbàlagbà. Ojú kan náà ni àwọn náà fi wò ó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àwọn èèyàn yóò ka ewú sí ewu, wọn yóò rò pé ewu inú òtútù ni mò ń sọ. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n fi àmì sí i. Bí a óò bá máa sọ ọ̀rọ̀ tó dáa nù nítorí ẹni tí kò fẹ́ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ṣé a ó sọ ọkọ́ nù nítorí ọkọ̀ ni? Ó tún ní òjò dídì pẹ̀lú kì í ṣe òjò tó dì. Òótọ́ ni, inú ìkùukùu ni ọ̀rinrin ti di snow. Òjò tó ń dì kó tó dé ilẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní sleet, nígbà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ yẹn pe òjò tó da pọ̀ mọ́ snow. Ṣùgbọ́n òjò dídì ti jókòó sẹ́nu gbogbo èèyàn, n kò ní í lé e dìde. Ìrì dídì ti pẹ́ nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì jókòó bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn tó le jù ni ti black frost. Ṣé ewú ń dúdú ni? Rárá, nítorí kò sí ewú níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti gbẹ jù, kò sí ọ̀rinrin tí yóò hù. Omi inú ewé gan-an ló dì, ewé náà kú, ó sì dúdú. Irú rẹ̀ ló run oko kọfí ìpínlẹ̀ Paraná ní Brazil ní oṣù Keje ọdún 1975, tí owó kọfí fi gbéra káàkiri ayé. Òtútù apewé ni mo ń pe ìyẹn. Ti black ice, yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ojú títì, sì tún yàtọ̀. Òun kò dúdú rárá. Ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ọ̀dà títì ni ojú ń rí láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún awakọ̀ pé kó ṣọ́ yìnyín dúdú ti tàn án jẹ, torí ohun dúdú ni yóò máa wá kiri. Yìnyín àìrí ni.

Bí mo ṣe kọ ìkìlọ̀ náà nìyí, kí wọ́n tó bà á jẹ́: “Òjò dídì yóò dá kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ọ̀run yóò sì mọ́. Ewú òtútù yóò bo gíláàsì mọ́tò yín mọ́jú. Ẹ há a kúrò tán kí ẹ tó gbéra. Yìnyín àìrí lè wà lábẹ́ òjò dídì tó bo títì, pàápàá lórí afárá. Ẹ rọra.”