Aṣọ obìnrin àti ìgbé ayé abúlé nínú àwòrán Adriaen van Ostade

Adriaen van Ostade (1610–1685) jẹ́ ayàwòrán ará Haarlem ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Yàtọ̀ sí àwòrán tó fi ọ̀dà kùn, ó fi ásíìdì (omi kíkan tó ń jẹ irin) gbẹ́ nǹkan bí 50 àwòrán sórí bàbà fún títẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn. Lára wọn ni Ìdílé (1647), Obìnrin Tó Ń Rànwú (1652) àti Àdúrà Ṣáájú Oúnjẹ (1653). Ará ìlú ni òun fúnra rẹ̀, nítorí náà ojú ará ìlú ló fi wo oko.

Àwọn obìnrin rẹ̀ máa ń dé fìlà ọ̀gbọ̀ funfun, wọ́n á da ìborùn kékeré sí èjìká, wọ́n á wọ yẹ̀rì gígùn, wọ́n á sì so aṣọ mìíràn mọ́ iwájú rẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà kan án. Ìlà ló ń sọ irú aṣọ tó jẹ́. Fìlà ń funfun nítorí pé kò fa ìlà kankan síbẹ̀, bébà lásán ló ń tàn. Yẹ̀rì ń dúdú nítorí pé ó fa ìlà kọjá lórí ìlà.

Láti gbẹ́ irú àwòrán yìí, a ó kọ́kọ́ fi ìda oyin tí a pò mọ́ oje igi pa ojú bàbà, a ó sì fi èéfín àbẹ́là sọ ọ́ di dúdú kí ọ̀nà abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa ìlà lè hàn. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti họ ìda kúrò nìkan ni ásíìdì ń jẹ. Tí ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ti tó, a ó bò wọ́n, a ó sì dá bàbà padà sínú ásíìdì kí àwọn yòókù lè jìn sí i. Ìda tí kò bá lẹ̀ dáadáa máa ń jẹ́ kí ásíìdì yọ́ wọlé, àmì tótòtótó á sì bá fìlà funfun jẹ́. Ìlà tó bá sún mọ́ra jù á jẹ wọnú ara wọn, yẹ̀rì á wá dà bí àbàwọ́n tàdáwà.

Nígbà títẹ̀, a ó fi tàdáwà kún inú ìlà, a ó nu ojú bàbà, a ó sì tẹ bébà tútù mọ́ ọn lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀tún á di òsì lórí bébà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè fọwọ́ òsì fún ẹni tó ń lo ọ̀tún.

Wọ́n ṣì ń tẹ àwọn bàbà Ostade lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí bàbà ti ń jẹ tán, ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń kọ́kọ́ parẹ́, àwọn mìíràn a sì tún un gbẹ́, aṣọ a wá le gbagidi. Èyí tí wọ́n tètè tẹ̀ ló dára láti fi wo aṣọ.